Kọ́kọ́rọ́ Kejì: Ìtàn Kọ́kọ́rọ́ Ilé àti Àwòṣe Rẹ̀

Nígbà tí a kéde ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá pé ìtàn kọ́kọ́rọ́ ilé ni èmi yóò sọ, ọ̀rẹ́ mi kan bi mí léèrè pé, kí ni ń bẹ lára kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi odidi wákàtí kan sọ? Mo ní kí ó fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ márùn-ún jáde. Mo wá bi òun náà léèrè pé, mélòó nínú wọn ni ó ní ìkejì, lọ́wọ́ ta ni ìkejì náà sì wà? Ó dákẹ́, nítorí kò mọ̀. Nítorí ìdákẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe dúró níwájú yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ilé kò ju ẹyọ kan lọ. Láti ìgbà tí ènìyàn ti ń ti ìlẹ̀kùn, agbára àgádágodo kò tíì fi ìgbà kan ju ìwà àti ìṣọ́ra ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti kúrò ní igi, wọ́n ti dé orí irin, wọ́n sì ti dé orí idẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí olè kò tíì yé gbà wọlé, ọ̀nà náà sì ni àwòṣe kọ́kọ́rọ́. Èmi fúnra mi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìtìjú, èmi yóò sì sọ bí ó ti rí fún yín kí n tó jókòó.

I. ÌLẸ̀KÙN ÀWỌN BABA WA

Àwọn baba wa kò ṣe aláìní ọ̀nà láti dáàbò bo ohun ìní wọn. Ìlẹ̀kùn igi wà, ọ̀pá ìdábùú sì wà tí a ń fi há a láti inú. Ìdábùú dára fún ẹni tí ó ń sùn, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹni tí ó ń jáde, nítorí ẹni tí ó wà nínú ilé nìkan ni ó lè fi í há ìlẹ̀kùn. Èyí kò dà wọ́n láàmú púpọ̀. Nínú agbo-ilé, ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo ènìyàn jáde tán. Arúgbó kan a máa jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ sì ni àgádágodo ilé.

Lórí oko, níbi tí kò sí arúgbó tí yóò jókòó, ààlè ni a ń pa. Àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, tàbí ṣùkù àgbàdo tí a so mọ́ ara igi tàbí tí a fi lé orí ẹrù, ó tó láti sọ fún ẹni tí ń kọjá pé ohun náà ní olúwa. Ààlè kò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú. Ẹ̀rí-ọkàn àti ìbẹ̀rù ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ti ẹnubodè ìlú. Odi lè ga, yàrà sì lè jìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníbodè ni ìlú ń sùn lé. Bí oníbodè bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọ̀tá, kí ni odi yóò ṣe?

Nígbà tí olúkúlùkù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní yàrá tirẹ̀ àti àpótí tirẹ̀, tí ilé sì ń dá wà láìsí ènìyàn nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, a nílò ohun tí yóò máa ṣọ́ ilé lẹ́yìn wa. Ohun náà ni àgádágodo. Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí a fi rọ́pò ara wa: a mú ojú ènìyàn kúrò, a sì fi irin tí kò lè mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí àlejò dípò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mú kọ́kọ́rọ́ tí ó bá a mu wá, òun ni olúwa rẹ̀.

II. KỌ́KỌ́RỌ́ ONÍGI

Kí a lè mọ bí irin ṣe gba iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí á fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí á sì lọ sí apá ìlà oòrùn, sí ilẹ̀ tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Májẹ̀mú Láéláé. Ní Íjíbítì àti ní Asíríà ni a ti rí irú àgádágodo tí ó lọ́jọ́ lórí jùlọ nínú àwọn tí a mọ̀ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, igi ni a sì fi ṣe é. A rí ọ̀kan nínú àwókù ààfin tí Ságónì ọba Asíríà kọ́ ní Khorsabad, lẹ́bàá Nínéfè. Ságónì yìí ni Wòlíì Àìsáyà dárúkọ ní orí 20 ìwé rẹ̀.

Báyìí ni ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá ìdábùú kan wà lára ìlẹ̀kùn, a sì dá ihò kéékèèké sí i lẹ́yìn. Lókè rẹ̀ ni a kan àpótí igi kékeré mọ́, nínú àpótí yìí sì ni èèkàn mélòó kan wà tí wọ́n lè lọ sókè, tí wọ́n sì lè sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a bá ti ọ̀pá náà dé ibi tí ó yẹ, àwọn èèkàn yóò jábọ́ sínú àwọn ihò, ọ̀pá kò sì lè padà mọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ igi gígùn tí èèkàn dúró sí ní orí rẹ̀ bí eyín. A ó tì í bọ abẹ́, a ó sì gbé e sókè. Bí iye èèkàn rẹ̀ àti ààyè tí ó wà láàrin wọn bá bá ti inú mu, yóò ti gbogbo wọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá yóò sì yọ. Ẹ fi ọgbọ́n yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé ní Amẹ́ríkà.

Irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àpò. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbé e kọ́ èjìká, èyí ni ó sì mú kí ọ̀rọ̀ Wòlíì Àìsáyà ní orí 22 yé wa dáradára, níbi tí a ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé Dáfídì lé èjìká Élíákímù. Ẹ ka orí náà nígbà tí ẹ bá dé ilé. Ṣébínà ni ó ti wà ní ipò náà tẹ́lẹ̀, òun ni olórí ilé ọba. Ṣùgbọ́n ó ń lo ipò rẹ̀ fún ògo ara rẹ̀, ó sì ń gbẹ́ ibojì ńlá fún ara rẹ̀. A kò pààrọ̀ ìlẹ̀kùn ààfin nítorí rẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a pààrọ̀.

Àwọn ará Róòmù ni ó sọ kọ́kọ́rọ́ di ohun kékeré, tí wọ́n fi irin àti idẹ ṣe é, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ṣe òrùka sí ìka. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní èjìká, ta ni yóò mú un lọ tí ojú kò ní rí i? Nígbà tí ó di ohun ìka ọwọ́, ó di ohun tí a lè mú ní alẹ́, kí a sì dá a padà kí ilẹ̀ tó mọ́.

III. KỌ́KỌ́RỌ́ MẸ́TA ÀPÓTÍ ÌJỌ

Àwọn ará ìgbàanì mọ ewu yìí, wọ́n sì fi òfin dí i. Kánúùtì, tí ó jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1016 di 1035, ṣe òfin kan nípa ẹrù olè. Bí ọkọ bá gbé ẹrù olè wọ ilé, a kò gbọdọ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn, àfi bí a bá rí ẹrù náà ní ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ ìyàwó, èyíinì ni yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀, àpótí ńlá rẹ̀, tàbí àpótí kékeré rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú òfin yìí. Níbi tí kọ́kọ́rọ́ bá dé ni ìdáhùn ẹni dé. Ibi tí ẹni kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, a kò lè pè é ní ẹjọ́ níbẹ̀.

Ìjọ Ọlọ́run gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1199, Póòpù Innocent Kẹta pàṣẹ pé kí a gbé àpótí onígi sí inú ilé ìjọsìn kọ̀ọ̀kan fún ọrẹ tí a fẹ́ fi ran Ilẹ̀ Mímọ́ lọ́wọ́, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tì í: ọ̀kan lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lọ́wọ́ àlùfáà ìjọ, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ ìjọ kan tí ó jẹ́ olùfọkànsìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní 1538, a pàṣẹ àpótí alágádágodo méjì fún un. Òfin 70 nínú àwọn òfin Ìjọ England ti 1603 sọ ọ́ di mẹ́ta: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ àlùfáà, méjì yòókù lọ́wọ́ àwọn wọ́dìn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye náà tàn yín. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta yìí kì í ṣe ẹyọ kan tí a gé àwòṣe méjì lára rẹ̀. Àgádágodo mẹ́ta ni, olúkúlùkù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, àpótí kò sì lè ṣí bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá pé jọ. Bí a bá gé àwòṣe méjì láti ara kọ́kọ́rọ́ kan, a ti sọ ọ̀nà ìwọlé kan di mẹ́ta. Bí a bá fi àgádágodo mẹ́ta sí ara àpótí kan, a ti sọ ènìyàn mẹ́ta di ẹlẹ́rìí ara wọn. Kì í ṣe pé a kò gbẹ́kẹ̀lé àlùfáà ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. A ń dáàbò bo òun náà ni, kí ẹnu ayé má baà rí ibi dúró lé.

IV. IDÍJE ÀWỌN ALÁGBẸ̀DẸ

Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ Yúróòpù gbẹ́kẹ̀lé ni irin ìdènà tí a tò sínú àgádágodo, tí kọ́kọ́rọ́ yóò ní ojú tí ó bá wọn mu kí ó tó lè yí. Ọgbọ́n yìí kò jinlẹ̀. Bí ènìyàn bá ha kọ́kọ́rọ́ kan títí ó fi tín-ín-rín, tí ó ku orí rẹ̀ nìkan, yóò kọjá láàrin àwọn ìdènà náà bí ejò ti ń kọjá láàrin koríko, yóò sì ṣí àgádágodo púpọ̀.

Ní 1778, Robert Barron ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú èyí tí irin inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàì dé ìwọ̀n kan gan-an: bí kọ́kọ́rọ́ bá gbé e kéré jù, kò ní ṣí, bí ó bá gbé e ga jù, kò ní ṣí. Ní 1784, Joseph Bramah gba ìwé àṣẹ fún tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀kan sí ojú fèrèsé ìsọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ṣe ohun èlò tí yóò ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́ yóò gba 200 gíní. Ó wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju 60 ọdún lọ.

Ní 1817, àwọn olè fi ayédèrú kọ́kọ́rọ́ wọ ọgbà ọkọ̀ ojú omi ìjọba ní Portsmouth. Ìjọba ṣe ìlérí ẹ̀bùn £100 fún ẹni tí ó bá lè ṣe àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nìkan yóò lè ṣí, Jeremiah Chubb sì mú tirẹ̀ wá ní 1818. Mo lè pè é ní àgádágodo olófòófó. Bí kọ́kọ́rọ́ àjèjì bá gbé irin inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n, yóò há pátápátá. Nígbà tí olúwa rẹ̀ bá sì dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ òtítọ́, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnìkan ti wá dán an wò.

Ní 1851, nígbà Ìpàtẹ Ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Alfred Charles Hobbs dé. Ó ṣí àgádágodo Chubb ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ó sì jókòó ti ti Bramah. Ó lo wákàtí 51 lórí rẹ̀ láàrin ọjọ́ 16, ó ṣí i, ó sì gba 200 gíní náà. Àríwò gba ìlú kan. Àwọn ènìyàn rò pé ewu ńlá ti dé, pé olè yóò máa jókòó ti ìlẹ̀kùn wọn bí Hobbs. Ṣùgbọ́n olè wo ni ó ní ọjọ́ 16 láti jókòó sí ẹnu ọ̀nà onílé? Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni a rí ibi tí ewu wà gan-an.

V. WÚRÀ TÍ Ó DI ÒJÉ

Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 1855, a kó àpótí wúrà mẹ́ta sínú ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù láti gbé wọn lọ sí Páríìsì. A wọn àpótí wọ̀nyí, a fi irin dì wọ́n, a fi èdìdì lù wọ́n, a sì kó wọn sínú àpótí irin ńlá tí ó ní àgádágodo Chubb méjì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí a yàn ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ní Folkestone ní etí òkun, àti lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn kọjá sí ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí a ṣí àwọn àpótí náà ní Páríìsì, ọta òjé ni a bá nínú wọn dípò wúrà. Èyí tí ó lọ tó 224 ìwọ̀n pọ́ùn, owó rẹ̀ sì tó £12,000.

A kò fọ́ ohunkóhun. Hobbs kò sí níbẹ̀, a kò sì tú àgádágodo Chubb náà. Kọ́kọ́rọ́ ni a fi ṣí i.

Ènìyàn mẹ́rin ni ó di ọ̀ràn náà. Edward Agar ni olè tí ó mọ iṣẹ́. William Pierce ti jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè náà rí, kí a tó lé e. James Burgess ni ẹ̀ṣọ́ tí ń bá ọkọ̀ náà rìn. William Tester sì jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí a ń tún àwọn àgádágodo náà ṣe, kọ́kọ́rọ́ tuntun kọjá lábẹ́ ọwọ́ Tester. Ó mú un fún Agar, Agar sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìda. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ a sì padà sí ipò rẹ̀ láìdín, láìpé. Ti ìkejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ọ́fíìsì Folkestone. Agar fi owó wúrà ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ èké, kí ó baà lè dúró wo ibi tí òṣìṣẹ́ yóò ti mú kọ́kọ́rọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ní àkókò kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì, òun àti Pierce mú un, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìda, wọ́n sì dá a padà.

Láti ara ìda ni Agar ti gé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Àwòṣe àkọ́kọ́ kì í sábà bá a mu tán, nítorí náà ó bá Burgess wọ ọkọ̀ náà lọ ní ìgbà púpọ̀, tí ó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò, tí ó sì ń fi fáìlì ha á díẹ̀díẹ̀, títí ó fi yí ní ìrọ̀rùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ṣí àpótí irin, wọ́n kó wúrà, wọ́n sì fi òjé dí ààyè rẹ̀.

Fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ, a kò rí wọn mú. Àwọn ará England ń tọ́ka sí Faransé, àwọn ará Faransé ń tọ́ka sí England. Ohun tí ó tú àṣírí ni pé a ti mú Agar fún ọ̀ràn mìíràn, a sì ti dá a lẹ́jọ́ ìgbèkùn títí ayé. Ó fi owó sí ọwọ́ Pierce kí ó máa fi tọ́jú obìnrin rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Pierce jẹ owó náà mọ́lẹ̀, obìnrin náà sì lọ sọ ohun tí ó mọ̀ fún àwọn aláṣẹ. Agar jẹ́rìí sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a sì dá ẹjọ́ wọn ní oṣù Kìn-ín-ní 1857. Burgess àti Tester gba ìgbèkùn ọdún 14, Pierce gba ẹ̀wọ̀n ọdún 2.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Wọ́n sì ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n Barron, ti Bramah àti ti Chubb, ìda díẹ̀ ní ọwọ́ akọ̀wé kan ni ó sọ ọ́ di asán.

VI. KỌ́KỌ́RỌ́ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀPÒ WA

Nísinsin yìí a dé Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ṣe ìlérí pé a ó tún bá ọgbọ́n Íjíbítì pàdé. Linus Yale bàbá gba àwọn èèkàn tí ń jábọ́ náà, ó sì ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́ tuntun ní 1848. Ọmọ rẹ̀, tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, mú un pé ní 1861 àti 1865 pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kékeré pẹlẹbẹ, tí eyín wà ní etí rẹ̀ kan. Ó kú ní 1868, ṣùgbọ́n irú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni ó pọ̀ jùlọ nínú àpò àwa tí a jókòó níhìn-ín. Inú àgádágodo náà ni òpó idẹ kékeré kan wà tí ó lè yí. Èèkàn idẹ, tí ó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún, ni ó dí i lọ́wọ́, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n sísàlẹ̀. A gé èèkàn kọ̀ọ̀kan sí méjì, ní ibi tí ó yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tí eyín kọ́kọ́rọ́ bá gbé gbogbo wọn dé ìwọ̀n tí ojú gígé wọn fi dọ́gba pẹ̀lú etí òpó náà, òpó yóò yí.

Nítorí náà, gbogbo àṣírí ilé wà ní etí kọ́kọ́rọ́ ní gbangba, bí ẹni kọ lẹ́tà tí kò fi sínú àpòòwé. Ẹni tí ó bá lè ka gíga àti jíjìn eyín márùn-ún, ó ti ka ilé náà tán. Ẹ lọ wo àwọn tí ń gé kọ́kọ́rọ́ ní ẹ̀bá ọjà, lábẹ́ agbòòrùn wọn. Ẹ̀rọ wọn ní ẹnu irin méjì. Ọ̀kan di kọ́kọ́rọ́ tiyín mú, ìkejì di irin pẹlẹbẹ tí a kò tíì gé eyín rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì wà lórí ohun kan ṣoṣo tí ń rìn pọ̀. Bí irin atọ́nà ti ń gun eyín kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àgbá tí ń gé irin ń jẹ ti tuntun ní ìwọ̀n kan náà. Kí ẹ tó ka owó yín tán, ó ti parí. Iṣẹ́ ọlọ́lá ni, àwọn tí ń ṣe é sì yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìdààmú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè béèrè pé, ilé ta ni èyí?

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí onílé mọ̀. Bí a bá gé àwòṣe láti ara àwòṣe, àṣìṣe àkọ́kọ́ yóò wà nínú ìkejì, ìkejì yóò sì fi tirẹ̀ kún un, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí a dà kọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìran kẹta tàbí ìkẹrin lè máa há, kí ó sì máa ba àgádágodo jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ pa mọ́, kí ẹ sì máa gé láti ara rẹ̀.

Lónìí, a kò tilẹ̀ nílò ìda mọ́. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì California ní San Diego fi hàn pé wọ́n lè gé kọ́kọ́rọ́ láti ara àwòrán tí a yà láti ọ̀nà jíjìn tí ó tó 195 ẹsẹ̀ bàtà. Ní 2014, ìwé ìròyìn kan ní Washington tẹ àwòrán kọ́kọ́rọ́ àgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣí àpótí àwọn arìnrìn-àjò ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ní 2015, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìwọ̀n wọn ti wà ní gbangba, tí ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ fi lè ṣe wọ́n nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn láti ya àwòrán kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun yín láti fi han àwọn ọ̀rẹ́, ẹ rò ó wò.

VII. OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Mo ṣe ìlérí láti sọ ti ara mi. Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì kéré sí báyìí, owó ìkórè sọnù nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá àlùfáà. A kò fọ́ ìlẹ̀kùn, a kò sì ba àgádágodo jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni a mọ̀: ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò. Akápò wà ní ìrìn-àjò. Ọmọkùnrin kan wà tí ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run, tí ó máa ń bá mi gbé kọ́kọ́rọ́ mi nígbà mìíràn. Mo wí níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ pé, bí kì í bá ṣe èmi, bí kì í bá sì ṣe akápò, ta ni ó kù? N kò pe ọmọ náà ní olè, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́ ohun tí mo wí. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, ìyá rẹ̀ kò sì lè gbé ojú sókè nínú ìjọ mọ́.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn wọ́dìn àtijọ́ sùn nínú Olúwa. Àwọn ọmọ rẹ̀ kó ohun ìjọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ wá fún mi, ìdì kọ́kọ́rọ́ kan sì wà nínú rẹ̀. Mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Mo wádìí, a sì sọ fún mi pé nígbà kan rí tí kọ́kọ́rọ́ sọnù, a gé mẹ́ta. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ bàbá náà, ọ̀kan ti wà lọ́wọ́ àwọn akọrin nígbà tí wọ́n ń kó aṣọ wọn sí ibẹ̀, ìkẹta kò sí ẹni tí ó rántí ibi tí ó wọlé sí. Títí di òní, n kò mọ ẹni tí ó kó owó náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò ní ẹ̀tọ́ láti wí pé, ta ni ó kù? Àwọn tí ó kù pọ̀ ju bí mo ti rò lọ.

Mo lọ bá ìyá ọmọ náà ní ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá, mo ti gbọ́." Ó padà sí ìjọ, ọmọ rẹ̀ kò padà. Ó ti lọ sí Èkó, ibẹ̀ ni ó sì ti di ọkùnrin.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe nítorí olè nìkan ni ó fi yẹ kí a mọ iye kọ́kọ́rọ́ ilé wa. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ nítorí aláìṣẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá kó wọ ilé tí ẹlòmíràn ti gbé rí, ẹ pààrọ̀ àgádágodo rẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tún àwọn èèkàn inú rẹ̀ tò, nítorí ẹ kò mọ iye àwòṣe tí ó ti wà. Bí ẹ bá fẹ́ gé kọ́kọ́rọ́, ẹ má ṣe fi rán ọmọdé. Ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ sì dúró títí yóò fi parí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye tí a gé, ọjọ́ tí a gé wọn, àti ẹni tí olúkúlùkù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, èyí yóò gbè é lẹ́yìn ọ̀la. Ní ti owó ìjọ, ẹ padà sí ọgbọ́n àtijọ́ náà, àgádágodo púpọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ṣí i.

Bí ohun kan bá sì sọnù nínú ilé yín láìsí fífọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ ka kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó ka ènìyàn.